Ẹ̀kọ́ AR àti MR pẹ̀lú ọgbọ́n àtọwọ́dá: ohun tó yẹ kí ará Ìbàdàn mọ̀ kó tó sanwó

Na kámẹ́rà fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́ nínú oko kan lẹ́yìn Mọníyà. Bí áàpù PlantVillage Nuru bá wà lórí fóònù yẹn, kò ní pẹ́ tí àpótí kékeré kan á fi yọ, á yí ibi tí ewé ti ká kò tó sì ní àbàwọ́n ká, á sì sọ àrùn tó fura sí. Kò bèèrè dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí fóònù níbẹ̀ ló ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Penn State University ní Amẹ́ríkà ló ṣe é pẹ̀lú IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1967. Àgbẹ̀ tó ń lò ó lè má gbọ́ orúkọ AR rí, ìyẹn fífi àwòrán kọ̀ǹpútà lé ayé gidi tí kámẹ́rà ń rí. Síbẹ̀, ìbéèrè méjì tí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí ló wà nínú àpótí kékeré yẹn: kí ni nǹkan tí mò ń wò yìí, ibo gan-an ló sì wà?

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò 3MTT jáde ní 2023, pé àwọn fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́ ẹ̀rọ, ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wọ ẹnu tọmọdé tàgbà. Àwọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà náà ti ń fi AR àti MR kún pátákó wọn, wọ́n á sì gbé àwòrán ẹni tó de awò ńlá mọ́jú síbẹ̀. Òbí á wò ó títí, á ní ṣé géèmù ni. Kì í ṣe géèmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irinṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. VR, ìyẹn virtual reality, bo ojú ẹni pátápátá. Gbogbo ohun téèyàn ń rí, kọ̀ǹpútà ló yà á. AR, augmented reality, fi ayé sílẹ̀ bó ṣe wà, ó kàn fi nǹkan lé e ni. Bí nǹkan tí a fi lé e bá wá mọ ayé tó wà nínú rẹ̀, a ti dé mixed reality, MR: bọ́ọ̀lù tí fóònù yà á já bọ́ láti orí tábìlì gidi, á balẹ̀, á yí lọ sẹ́yìn àga, àga á sì bò ó mọ́ wa lójú. Ní 1994, Paul Milgram àti Fumio Kishino fa ìlà kan, ayé gidi ní ìpẹ̀kun kan, ayé kọ̀ǹpútà ní ìkejì, wọ́n ní gbogbo ohun tó wà láàárín ni MR. Tiwọn yìí fi AR sínú MR. Àwọn tó ń tajà kì í lò ó bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn orúkọ kò sì yẹ kó gba àkókò akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó kàn án ni ohun mẹ́ta tí Ronald Azuma là sílẹ̀ ní 1997: kí ohun gidi àti ohun tí kọ̀ǹpútà yà wà pọ̀, kó máa dáhùn lójú ẹsẹ̀, kí ohun tí a gbé kalẹ̀ sì dúró síbi tí a gbé e sí. Ìkẹta yẹn ló ń da omi tútù sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn.

Nǹkan náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1968 ni Ivan Sutherland ti ṣe èyí tí a ń dé sórí. Ó wúwo débi pé àjà ilé ni wọ́n fi kọ́. Tom Caudell ní Boeing ló fún un lórúkọ AR níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, níbi tí wọ́n ti ń wá bí òṣìṣẹ́ ṣe máa mọ ọ̀nà tí wáyà ọkọ̀ òfuurufú gbà. Pokémon GO gbé e dé ìgboro ní 2016. Ní 2017, Apple gbé ARKit jáde fún iPhone, Google gbé ARCore jáde fún Android, kí àwọn tó ń ṣe áàpù lè máa fi ṣe AR, fóònù àpò sì di irinṣẹ́.

Bí fóònù ṣe ń mọ ibi tó wà

Kámẹ́rà ń wá àwọn àmì kéékèèké nínú ohun tó ń rí, bí igun tábìlì tàbí etí fírémù àwòrán, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń sún láti àwòrán kan sí èkejì. Bí a bá wà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, igi ẹ̀bá títì ń sá kọjá, òkè ọ̀ọ́kán dúró bí ẹni tí kò kàn. Irú ìyàtọ̀ yẹn ni fóònù fi ń ṣírò jíjìn. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń ràn án lọ́wọ́: accelerometer tó ń mọ bí a ṣe ń sún un, àti gyroscope tó ń mọ bí a ṣe ń yí i. Wọ́n yára gan-an, ṣùgbọ́n àṣìṣe wọn ń gun orí ara wọn. Láti inú ohun tí accelerometer sọ, ìṣirò ẹ̀ẹ̀mejì ni ká tó mọ ọ̀nà tí fóònù rìn, nítorí náà irọ́ kékeré tó bá pa lẹ́ẹ̀kan á ti di ìrìn mítà mélòó kan láìpẹ́. Kámẹ́rà ló ń fà á padà. Kámẹ́rà náà kò sì lè dá a ṣe: kámẹ́rà kan ṣoṣo kò mọ̀ bóyá ilé ńlá lòún ń wò lókèèrè tàbí ilé páálí lórí tábìlì. Accelerometer ló ń sọ ìwọ̀n fún un. Àjọṣe yìí, tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà tó sì ń ya àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n ń pè ní SLAM, ẹni tí kò bá sì yé kò ní mọ ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ń bàjẹ́.

Ó ń bàjẹ́ báyìí. Fóònù tí kò ní gyroscope kò lè ṣe é rárá, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò sì ní in. Kí o tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, wo orúkọ fóònù rẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, nínú àkójọ àwọn fóònù tí Google fọwọ́ sí fún ARCore. Má fi ti ọ̀rẹ́ díwọ̀n o. Orúkọ lè jọra kí inú wọn má jọra.

Lẹ́yìn fóònù, ilẹ̀. Àwọn pálọ̀ tuntun ní Akóbọ̀ àti Olúyọ̀lé, táìsì funfun tó ń dán ni wọ́n fẹ́ràn. Táìsì bẹ́ẹ̀ kò ní àmì tí kámẹ́rà lè dì mú. Èyí tó tún burú ni pé òjìji gílóòbù tó ń dán nínú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn, fóònù á gbà pé ilẹ̀ ló ń sún. Àga tí o gbé kalẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sápá ògiri bí ẹni tó fẹ́ yọ́ jáde lóde àríyá. Tẹ́ ankara aláràbarà sílẹ̀ níbẹ̀, kó tóbi tó mítà 2, àga á jókòó jẹ́ẹ́. Àdìrẹ ńkọ́? Ó dá lórí irú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ àmì kan náà láti etí dé etí máa ń tan fóònù, torí ibí jọ ọ̀hún. Ìbàdàndùn tó ní òpó Mápó nínú sàn jù, oríṣiríṣi àwòrán ló wà nínú àwọn àpótí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ sábà máa ń jẹ́ abala méjì tó bára mu tí wọ́n rán pọ̀. Bí o bá fẹ́ lò ó gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí fóònù máa dá mọ̀, abala kan ṣoṣo ni kí o yà.

Google ní irinṣẹ́ kan, arcoreimg, tó ń fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní máàkì láti 0 dé 100. 75 ni wọ́n ní kó má wálẹ̀ kọjá. Fáìlì àwòrán náà gbọ́dọ̀ tó píksẹ̀lì 300 sí 300, èyí tí a tẹ̀ sórí bébà kó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 15, kó sì gba ìdá mẹ́rin ojú kámẹ́rà, ó kéré tán, kí fóònù tó lè kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo pé “kò ṣiṣẹ́,” káàdì kékeré ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n wá dúró sí mítà 2 sí i.

Kí ni mò ń wò yìí?

Ibí ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wọlé. Kílàásì púpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi àwòrán púpọ̀ kọ́ bó ṣe máa dá nǹkan mọ̀. Èyí tí ẹlòmíì ti kọ́ ni wọ́n ń lò, YOLO ló wọ́pọ̀ jù, àkójọ àwòrán COCO ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ohun 80 ló wà nínú COCO. Ó mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó mọ ọsàn, ó mọ písà. Kò mọ àgbálùmọ̀, kò mọ ata rodo, kò mọ orógùn. Módẹ́ẹ̀lì kì í sì í sọ pé “mi ò mọ èyí rí.” Bí kò bá dákẹ́, orúkọ tó sún mọ́ ọn jù nínú 80 yẹn ló máa pè é, pẹ̀lú ìdánilójú tó lè tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tó wúlò níbí gbọ́dọ̀ kó àwòrán tirẹ̀ jọ.

Ká sọ pé ata ni, lọ́jà Bódìjà: rodo, tàtàṣé, ṣọ̀mbọ̀ àti tòmátò. Mẹ́rin ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Wá àwòrán bíi 200 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án gangan àti nírọ̀lẹ́; nínú abọ́, nínú apẹ̀rẹ̀, nílẹ̀ lórí àpò; àtèyí tó kún, àtèyí tí ọwọ́ oníbàárà bò. Ohun tí ìwé kì í sọ ni ọ̀rọ̀ agbòòrùn. Ìyá aláta jókòó sábẹ́ agbòòrùn pupa ńlá, oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, títí kan ewédú. Kámẹ́rà á gbìyànjú láti tún àwọ̀ ṣe, á sọ tàtàṣé di ràkọ̀ràkọ̀. Módẹ́ẹ̀lì tó gbára lé àwọ̀ nìkan á kú síbẹ̀. Nítorí náà, ya lábẹ́ pupa, lábẹ́ búlúù, àti níta gbangba, kí módẹ́ẹ̀lì lè kọ́ bí ṣọ̀mbọ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ àti bí rodo ṣe wú, dípò pé kó máa wá pupa kiri. Kí o tó ya ọjà ẹni, gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú ẹni bá sì bọ́ sínú àwòrán, òfin ààbò dátà ti 2023 kàn ọ́.

Ìpínyà àwòrán tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. A máa ń fi bíi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kọ́ módẹ́ẹ̀lì, a sì fi ìyókù dán an wò. Ẹni tó ya fídíò kan, tó gé e sí àwòrán 300, tó wá dà wọ́n pọ̀ kó tó pín wọn, ti fi ìdáhùn sínú ìwé ìbéèrè. Àwòrán ìdánwò àti ti ẹ̀kọ́ jẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan náà, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Máàkì á gòkè dé 98, kò sì ní dá ohunkóhun mọ̀ lọ́jà Ọjẹ́. Ìsọ̀ ni kí o fi pín in: àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́, àwọn ìsọ̀ mìíràn fún ìdánwò. Àwọn tó ṣe ti ẹ̀gẹ́ pàápàá rí irú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, nígbà tí módẹ́ẹ̀lì wọn kúrò lórí àwòrán ìdánwò tó bọ́ sórí fóònù nínú oko gidi, máàkì F-1 rẹ̀, èyí tó ń sọ bó ṣe ń dá àrùn mọ̀ sí, já wálẹ̀ ní ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ewé tí àrùn hàn kedere lára rẹ̀ pàápàá.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé

Tó bá jẹ́ pé ohun kan péré la lè tọ́ka sí nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, ibí la máa na ọwọ́ sí. Ẹni tó mọ AR pọ̀, ẹni tó mọ ọgbọ́n àtọwọ́dá pọ̀ jù ú lọ. Ẹni tó lè so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má tú ló ṣọ̀wọ́n.

Kámẹ́rà ń mú àwòrán 30 wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mílísẹ́kọ́ǹdì 33 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Lórí fóònù tí kò lágbára, módẹ́ẹ̀lì lè gba mílísẹ́kọ́ǹdì 150 kó tó dáhùn. Bí ọwọ́ bá ń yí fóònù ní dígírì 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fóònù ti yí dígírì 9 kí èsì tó dé. Lójú fóònù tó dúró lóòró, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá márùn-ún ìbú rẹ̀. Àpótí á bọ́ sórí ata ẹlòmíì. Àtúnṣe rẹ̀ kò ní kí o ra fóònù tuntun. Lásìkò tí o bá fi àwòrán ránṣẹ́ sí módẹ́ẹ̀lì, kọ ibi tí kámẹ́rà wà àti ibi tó kọjú sí lásìkò náà sílẹ̀. Bí èsì bá dé, ibi àtijọ́ yẹn ni kí o ti ta ìlà jáde sínú ayé, kì í ṣe ibi tí kámẹ́rà wà báyìí. Ibi tí ìlà bá ti kan tábìlì, gbé ìdákọ̀ró kan (anchor, àmì tí áàpù fi ń rántí ibẹ̀) síbẹ̀, SLAM á máa dì í mú. Tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, módẹ́ẹ̀lì lè máa dáhùn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, orúkọ ata kò sì ní mì.

Àṣìṣe kejì tí gbogbo èèyàn ń ṣe: àwòrán kámẹ́rà dùbúlẹ̀, ojú fóònù dúró. Bí a kò bá yí i ní dígírì 90 kó tó dé ọ̀dọ̀ módẹ́ẹ̀lì, a óò máa bi módẹ́ẹ̀lì léèrè nípa ayé tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí a bá yí i tán, ká rántí yí àpótí rẹ̀ padà nígbà tí èsì bá dé.

Láti dín ìwọ̀n módẹ́ẹ̀lì kù, a máa ń sọ nọ́ńbà rẹ̀ di bíìtì 8 láti 32. Fáìlì á dín sí bí ìdá mẹ́rin, á sì sábà yára sí i. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ àwòrán bíi 100 tí a óò fi díwọ̀n. Lo ti ọjà Bódìjà tí o yà. Ẹni tó lo àwòrán tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ máa ń kọminú pé módẹ́ẹ̀lì òun gọ̀ lójijì.

Irinṣẹ́, dátà àti iná

Unity, irinṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù, pẹ̀lú AR Foundation, apá rẹ̀ tó wà fún AR, ló wọ́pọ̀ jù, èdè C# la fi ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni fún akẹ́kọ̀ọ́. Láàpútọ́ọ̀pù tó ní RAM gígábáìtì 8 lè gbé e, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. 16 ló tura. Múra dátà bíi gígábáìtì 10 sílẹ̀ fún Unity àti apá Android rẹ̀, kí o má sì pa íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́ tí o bá fẹ́ sọ iṣẹ́ rẹ di áàpù, torí ìgbà náà ni Gradle tó wà nínú rẹ̀, ètò tó ń kó áàpù Android pọ̀, máa ń lọ kó ẹrù tirẹ̀. Nínú Player Settings ti Unity, yan IL2CPP, yan ARM64, kí Android tó kéré jù sì jẹ́ API 24, ìyẹn Android 7.0. Lórí àwọn Unity àtijọ́, yọ Vulkan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí fóònù fi ń ya àwòrán sójú rẹ̀, kúrò níbẹ̀, torí ARCore kì í bá a ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ kíkọ́ módẹ́ẹ̀lì kò nílò láàpútọ́ọ̀pù alágbára, Google Colab ń yáni ní ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná tí íntánẹ́ẹ̀tì sì já, Colab á dúró díẹ̀, á gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á sì pòórá. So ó mọ́ Google Drive, kó máa kó èsì síbẹ̀ lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. YOLO ń tọ́jú fáìlì kan tó ń jẹ́ last.pt, láti ibẹ̀ lo ti lè tẹ̀ síwájú nígbà tí iná bá dé.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀ lójú fóònù. Kọ “ẹ̀fọ́” sínú Unity pẹ̀lú irú lẹ́tà (font) tó bá a wá, wàá rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ẹ̀ wà. Ẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo fún kọ̀ǹpútà: ẹ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn wà lọ́tọ̀. Lo irú lẹ́tà tó ń jẹ́ Noto Sans, kí o sì ṣe é ní tuntun nínú TextMeshPro, apá Unity tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú, pẹ̀lú ìpín Unicode 1E00 dé 1EFF àti 0300 dé 036F. Bí àmì ohùn bá ṣì ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, yára sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán, kí o máa bá iṣẹ́ lọ. Tún sọ gbogbo orúkọ di NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kí ọ̀nà kan ṣoṣo wà láti to lẹ́tà àti àmì rẹ̀, kó tó wọ inú kóòdù, torí “ẹ́” tí fóònù kan tẹ̀ lè má jẹ́ “ẹ́” ti fóònù mìíràn lójú ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jọra lójú wa. Ti ohùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Whisper ti OpenAI, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀, ń gbọ́ Yorùbá láti 2022, ṣùgbọ́n ó máa ń kùnà lórí àmì ohùn, igbá àti igba sì jìnnà síra lẹ́nu aláta.

Awò tí wọ́n ń dé mọ́jú ńkọ́? Quest 3 ti Meta jáde ní 2023 ní dólà 499, Quest 3S ní 2024 ní dólà 299, Apple Vision Pro ní 2024 ní dólà 3,499. HoloLens 2 ti Microsoft, tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ṣì ń yìn, ni wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2024. Ní 2025 ni Meta ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe áàpù rí àwòrán kámẹ́rà Quest 3, nítorí náà kò rọrùn kí ẹnikẹ́ni fi módẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ wo ayé láti inú rẹ̀ kó tó dìgbà náà. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ má gbé e sójú fèrèsé: jígí inú rẹ̀ á kó oòrùn jọ sójú kan, á sì jó ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, fóònù tó. Owó awò yẹn á wúlò jù lórí láàpútọ́ọ̀pù àti dátà. Meta Spark, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń ṣe fíltà Instagram, ni Meta tì ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2025. Ẹni tó mọ bọ́tìnnì Spark nìkan pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó mọ fẹ́kítọ̀, mátíríìsì àti ìdí tí a fi ń fi nọ́ńbà mẹ́rin kọ yíyí dípò mẹ́ta, ó kàn kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Unity ni.

Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní òun ń kọ́ ọ, bi wọ́n pé ta ló ń kó àwòrán jọ, àwọn àbí akẹ́kọ̀ọ́? Àwòrán wo ni wọ́n fi dán módẹ́ẹ̀lì wò, ní ìsọ̀ wo? Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan wá lórí fóònù. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀, gbé ohun kan lé e nínú áàpù náà, fi fóònù yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta, jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, padà wọlé. Fi rúlà wọn bó ṣe jìnnà sí ṣọ́ọ̀kì tó. Sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 dára. Bó bá tó 30, bi wọ́n ní ìdí. Èyí tó bá tọ́ka sí táìsì tàbí gyroscope, jókòó tì í, mọ iye tó ń gbà. Èyí tó bá ní kí o lọ ra fóònù tó dáa, dìde.